Ẹ́ńjìnnì Àlejò Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́: Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Lórí Wáyà Ṣáàjì

Ẹni tó bá yọ ẹ́ńjìnnì àtilẹ̀wá ọkọ̀ àtijọ́, tó fi èyí tó kéré lọ́jọ́ orí rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ irin ló sábà máa ń gba ọkàn rẹ̀: ìjókòó ẹ́ńjìnnì, gíà, rédíétọ̀, páìpù èéfín. Ọ̀rọ̀ iná kì í jẹ yọ títí ẹ́ńjìnnì á fi dáhùn. Ìgbà náà ló tó máa ṣàkíyèsí pé alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, tó bá ẹ́ńjìnnì wá ní ẹnu mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn, pé wáyà tó wà nínú ọkọ̀ kò tò bẹ́ẹ̀, pé àwọ̀ wọn kò sì bára mu. Bó bá bi rìwáyà mẹ́ta léèrè, ìdáhùn mẹ́ta ni yóò gbà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lè tọ̀nà.

Kì í ṣe àìmọ̀ ló fà á. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ohun tí a pè ní ẹyọ kan. Ta ni yóò máa díwọ̀n iná: ẹ̀rọ ti ọkọ̀ ni, àbí ti ẹ́ńjìnnì? Ibo ni yóò dúró sí láti wò ó: lẹ́nu alternator ni, àbí lórí bátìrì? Wáyà wo ni yóò sì gbé ẹrù náà? Ojú tí mo fi wò ó ni pé èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló lè jó ọkọ̀, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ jókòó tì.

Ohun tí onílé ní, ohun tí àlejò gbé wá

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, dáínámò ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò láti pèsè iná. Dáínámò Lucas C40, tó wà nínú ọ̀pọ̀ Land Rover àti MG ìgbà náà, kì í sábà ju áńpù 22 lọ, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ máa sáré kó tó lè pèsè ìyẹn pàápàá. Bí ọkọ̀ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bátìrì ló ń dá gbogbo ẹrù gbé. Àpótí kékeré kan lára ògiri abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí àwọn àgbà mẹkáníìkì ń pè ní kọ́táòtù, ló ń díwọ̀n iná dáínámò. Òun náà ló ń já a kúrò lára bátìrì nígbà tí agbára rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, kí iná bátìrì má baà padà sínú rẹ̀ kó sì jó o.

Chrysler ló kọ́kọ́ gbé alternator sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu, ìyẹn Valiant ọdún 1960. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀: MGB kúrò lórí dáínámò ní 1967, Volkswagen Ìjàpá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ lára àwọn alternator ìgbà àkọ́kọ́ yìí, regulator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n iná, ṣì wà lóde, nínú àpótí tirẹ̀, wáyà mélòó kan sì ń lọ ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni Datsun 240Z rí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Mustang àwọn ọdún 1960 tí kò lo dáínámò.

Ẹ́ńjìnnì àlejò yàtọ̀. Alternator ara rẹ̀ lè pèsè áńpù 60, 80, tàbí kó kọjá 100. Regulator ti wọ inú rẹ̀. Orí ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ṣáàjì ń gbà jáde, tí a sábà máa ń kọ B sí, ẹnu tínínrín mélòó kan sì wà nínú pọ́lọ́ọ̀gì. Lára àwọn ti Denso tó bá ẹ́ńjìnnì Toyota wá, mẹ́ta ni wọ́n: IG tí kọ́kọ́rọ́ ń jí, L tó ń lọ sí iná bátìrì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, àti S tó ń wo bátìrì láti mọ̀ bóyá iná tó ń dé ibẹ̀ pé. Ohun tí regulator ń ṣe kò tíì yí padà láti ayé dáínámò: ó ń fi iná díẹ̀ sínú wáyà tí a yí sínú ẹ̀rọ, ó ń fi kún un tàbí kó dín in kù, kí ohun tó ń jáde lè dúró láàárín fóòtì 13.8 sí 14.5 fún ọkọ̀ fóòtì 12.

Èrò kìíní: kí ti ọkọ̀ máa bá iṣẹ́ lọ

Àwọn tó di èrò yìí mú sọ pé kí a yọ alternator àlejò, kí a ṣe irin ìdè fún dáínámò tàbí alternator àtijọ́ lára ẹ́ńjìnnì tuntun, kí a má sì fọwọ́ kan wáyà kankan nínú ọkọ̀. Kọ́táòtù yóò wà níbi tó wà, àmítà yóò máa ṣiṣẹ́, ìwé wáyà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ jáde yóò ṣì bá ọkọ̀ mu. Ẹni tó bá rà á lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò lè tọ wáyà láti orí dé ìdí. Bí olówó rẹ̀ bá sì yí èrò padà, tó fẹ́ dá ẹ́ńjìnnì àtilẹ̀wá padà, kò sí ohun tí a gé. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ lójú àwọn tó ń pa ọkọ̀ àtijọ́ mọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìtàn. Àtúnṣe tó ṣeé tú padà ni FIVA, àjọ àgbáyé àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó wà láti 1966, fẹ́.

Ibi tó ti kùnà ni ẹrù. Ọkọ̀ ọdún 1960 ní iná iwájú méjì, wáípà, kọ́ìlì àti fèrè. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo ínjẹ́ktọ̀ mú pọ́ǹpù epo oníná wá, fáànù oníná lè fa áńpù 20 sí 30 fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù tún ń retí tirẹ̀. Áńpù 22 kò lè bọ́ wọn. Ẹni tó bá sì ń wa ọkọ̀ nínú ìlú tí ìdúró pọ̀ ju ìrìn lọ kò ní rí áńpù 22 náà pàápàá.

Nínú àwọn ọkọ̀ kan, èrò yìí kò tilẹ̀ ṣeé gbé dìde. Nínú Ìjàpá, ọ̀pá dáínámò kan náà ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Bí a bá fi ẹ́ńjìnnì Subaru olómi síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, gbogbo ìtẹ́ dáínámò náà ti bá ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lọ.

Àwọn kan rí ọ̀nà àárín: wọ́n ń ta alternator tí wọ́n kọ́ sínú ara tó jọ dáínámò, tí ẹni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò fi ní mọ ìyàtọ̀. Iná rẹ̀ pọ̀ ju ti dáínámò lọ, kọ́táòtù sì di ọ̀ṣọ́ lásán, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ti so wáyà pọ̀. Ó dára fún ọkọ̀ ìpàtẹ. Fún ọkọ̀ tó ní amúlétutù, kò tíì tó.

Ohun kan wà tí èrò kìíní rọ̀rùn fún ju gbogbo àwọn yòókù lọ: ọkọ̀ tí pọ́sítíìfù rẹ̀ wà lára bọ́dì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí bẹ́ẹ̀ títí di ìparí àwọn ọdún 1960. Dáínámò kò bìkítà. A lè yí i padà nípa fífi iná kàn án ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá so alternator òde òní mọ́ irú bátìrì bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ yí ọkọ̀ padà, dáyóòdù inú rẹ̀, tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, yóò jó lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, gbogbo èrò tó kù nísàlẹ̀ yìí ló gbà pé bọ́dì ti di nẹ́gẹ́tíìfù, pé a ti yí wáyà kọ́ìlì padà, pé rédíò àtijọ́ ti jáde tàbí kí a ti tún un ṣe, pé a sì ti pààrọ̀ ẹnu àmítà. Ẹni tó ní Ìjàpá fóòtì 6, ìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó ṣáájú ọkọ̀ ọdún 1967, ní iṣẹ́ tó ju ìyẹn lọ: gílóòbù, ẹ̀rọ wáípà, fèrè àti ríléè gbogbo ló gbọ́dọ̀ di fóòtì 12.

Èrò kejì: kí alternator àlejò wọlé, kí wáyà àtijọ́ máa sìn ín

Èyí ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ jù ń tọ̀, òun ló sì ní ìjìnlẹ̀ jù, nítorí ọpọlọ ni, kì í ṣe owó. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé wáyà tí alternator tuntun nílò ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n parí sí nìkan ni kò tọ́. Wáyà tó ń mú iná kọ́kọ́rọ́ wá sí regulator àtijọ́ wà níbẹ̀. Èyí tó ń mú iná bátìrì wá wà níbẹ̀. Àwọn tó ti ibẹ̀ lọ sí alternator náà wà níbẹ̀. Bí a bá yọ regulator kúrò, tí a so wáyà méjì-méjì pọ̀ nínú pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, ìkan yóò di S, ìkejì yóò di L, láìgé ohunkóhun nínú ọkọ̀.

Datsun 240Z ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí ẹni tó ní i bá fi alternator 280ZX síbẹ̀, èyí tí regulator rẹ̀ wà nínú, ìsopọ̀ méjì nínú pọ́lọ́ọ̀gì ti tó kó máa ṣáàjì. Ìdààmú kan ló ń tẹ̀ lé e: a óò pa kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní kú. Ìdí rẹ̀ ni pé bí alternator bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu L náà ní iná bátìrì lórí. Iná yìí ń padà gba inú wáyà kọ́kọ́rọ́ lọ bọ́ kọ́ìlì. Dáyóòdù kan ṣoṣo tó kọjú sí ọ̀nà alternator ló ń dí i. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ lè máa fi ọjọ́ mẹ́ta wá àléébù lára kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù náà kò yọ sílẹ̀: ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí epo lára pọ́ǹpù dísù, iná kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé e ró, bí iná bá sì ń padà wá láti L láìsí ohun tó dí i, kò ní pa epo.

Lára ọkọ̀ tó ní iná bátìrì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, gílóòbù yẹn gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ ìdènà náà, ó sì tún ń ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń jí alternator tí kò ní ẹnu IG. Gílóòbù wáàtì 2.2 ń jẹ́ kí nǹkan bí áńpù 0.18 kọjá, ìyẹn sì tó. Bí ẹnìkan bá fi LED rọ́pò rẹ̀ nítorí ẹwà, iná tó ń kọjá kò ní tó mọ́, alternator yóò sì máa sùn títí a ó fi tẹ tọ́rọ́tù dáadáa. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a so resistor mọ́ ẹ̀gbẹ́ LED náà. Resistor óòmù 68, fún àpẹẹrẹ, yóò gba nǹkan bí áńpù 0.2, yóò sì mú ooru tó ju wáàtì 2 lọ díẹ̀ jáde, nítorí náà èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 5 ló yẹ, kì í ṣe àwọn tíntìntín inú rédíò. Àwọn alternator GM irú CS, tó jáde ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1980, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: a kò gbọ́dọ̀ gbé iná bátìrì tààrà sórí L wọn láìsí gílóòbù tàbí resistor láàárín, regulator yóò jó.

Agbára èrò kejì ni pé ó kéré lówó, ó ṣeé tú padà, kò sì ba ojú ọkọ̀ jẹ́. Àìlera rẹ̀ wà ní orí B. Àwọn tó ń gbà á nímọ̀ràn sábà máa ń ṣàlàyé L àti S fún ojú ìwé gígùn, lẹ́yìn náà wọn á ní kí a so wáyà ńlá àtijọ́ padà mọ́ B. Wáyà yẹn, alternator kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Èrò kẹta: wáyà kan ṣoṣo

Ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ eré, alternator oníwáyà kan gbajúmọ̀. Kò sí L, kò sí S: wáyà kan láti B lọ sí bátìrì, ó parí. Regulator inú rẹ̀ ń jí fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá yára tó. Ìrọ̀rùn rẹ̀ kò ní àfiwé, fún ọkọ̀ tí kò ní iná bátìrì tàbí tí wáyà rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ó lè gba ènìyàn sílẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a fi san án. Kò ní jí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn tó sì ń rọra yí. Iná ìkìlọ̀ kò sí, nítorí náà ẹni tó ń wakọ̀ kò ní mọ̀ pé bẹ́líìtì ti já àfi bó bá ní fóòtìmítà tó sì ń wò ó. Ẹnu ara rẹ̀ nìkan ló sì ń wò. Ohun tó ń dé bátìrì kò kàn án. N kò rí ìdí tí ọkọ̀ tí L àti S rẹ̀ ṣeé so yóò fi yàn án.

Èrò kẹrin: kí a fa wáyà tuntun

Àwọn tó wà níbí ni ọ̀rọ̀ wọn sún mọ́ ìṣirò jù. Wọ́n ní kí a má bá wáyà tó ti lé ní ogójì ọdún ṣe àdéhùn kankan. Kí a fa wáyà tuntun tó nípọn láti B lọ sí bátìrì tààrà, kí a fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún àwọn iná ọkọ̀ nìkan.

Ẹ wo ìṣirò náà. Wáyà bàbà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mm² 4, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3, ní nǹkan bí óòmù 0.013. Ní áńpù 22, fóòtì 0.29 ló ń sọnù lójú ọ̀nà, ooru rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí wáàtì 6 lọ. Ẹ gbé áńpù 60 kọjá nínú rẹ̀: fóòtì 0.79 sọnù, ooru sì di wáàtì 47, nínú ìdìpọ̀ tí wáyà mìíràn yí ká. Iná kò tíì tó ìlọ́po mẹ́ta, ooru ti di ìlọ́po méje ó lé. Bí a bá lo mm² 16 fún gígùn kan náà, fóòtì 0.2 péré ló máa sọnù, ooru sì di wáàtì 12, tó fọ́n ká sára wáyà tó nípọn.

Ìṣirò yìí náà ló jẹ́ ká mọ ohun tí S ń ṣe gan-an. Ká ní regulator fẹ́ fóòtì 14.2. Bí kò bá sí S, ó ń rí 14.2 lẹ́nu ara rẹ̀, bátìrì sì ń gba 13.4, kì í kún dáadáa, ènìyàn á máa rò pé bátìrì ti gbó. Bí S bá wà, bátìrì yóò gba 14.2, ṣùgbọ́n alternator yóò gbé ẹnu ara rẹ̀ dé 15 kí ó lè rí i bẹ́ẹ̀, wáyà náà ṣì ń gbóná bó ṣe ń gbóná. S ń bo àṣírí wáyà tínínrín mọ́lẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí bóyá S ṣe pàtàkì fi máa ń dà bíi pé kò ní ìparí: ẹni tó fa wáyà nínípọn kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀, ẹni tó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ rí i kedere.

Ibi tí bátìrì wà ń yí gbogbo nǹkan padà. Nínú Ìjàpá, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà, ẹ̀yìn náà ni ẹ́ńjìnnì wà. Ìrìn wáyà kúrú. Nínú ọkọ̀ tí ẹnìkan ti gbé bátìrì lọ sínú búùtù nítorí pé ẹ́ńjìnnì tuntun gba gbogbo iwájú, ìrìn náà lè di mítà 5, ìṣirò òkè yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Àmítà ni ibi tí ẹ̀dùn ọkàn ti ń wọ̀ ọ́. Nínú ọkọ̀ Chrysler àwọn ọdún 1960, gbogbo ṣáàjì ló ń gba ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì ògiri wọ inú dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń gba inú àmítà, tó sì tún ń padà jáde. Ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì yẹn ni ibi tó máa ń jó jù. Àmítà Lucas ìgbà náà kò ju 30 tàbí 60 lọ. Wáyà tuntun tó lọ tààrà sí bátìrì ń mú ìwúwo kúrò lórí wọn, ṣùgbọ́n ó sọ àmítà di òpùrọ́: yóò máa fi ìdá kékeré hàn, tàbí kó má mì rárá. Àwọn kan ń fi fóòtìmítà sínú ojú rẹ̀, tí wọ́n tún ojú náà kùn kó jọ ti àtijọ́. Àwọn mìíràn ní àmítà tó ti wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ jẹ́ apá kan ọkọ̀, wọ́n sì gbà pé kó dúró, kí alternator má kọjá agbára rẹ̀. Mo gbè sẹ́yìn fóòtìmítà. Bátìrì tó ń kú lọ àti regulator tó ti sọ ìjánu nù, méjèèjì ló ń fi hàn. Àmítà kò lè sọ ìkejì yẹn kedere.

Lẹ́yìn náà ni fíùsì. Bí wáyà tuntun yìí bá fara kan bọ́dì níbìkan, bátìrì yóò tú gbogbo agbára rẹ̀ sínú rẹ̀, wáyà yóò sì pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń fi fíùsì ńlá sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, tàbí wáyà yíyọ́ irú èyí tí Ford àti GM fúnra wọn lò láti ilé iṣẹ́. Àwọn tó takò ó ní ìdí tiwọn: bí fíùsì bá já nígbà tí alternator ń gbé ẹrù, iná rẹ̀ yóò fò sókè lójijì, nítorí bátìrì tó ń gbà á mọ́ra kò sí mọ́. Ìlànà ISO 16750-2 fún dídán ẹ̀rọ iná ọkọ̀ wò gbà pé ìfòsókè náà lè dé fóòtì 79 sí 101 nínú ọkọ̀ fóòtì 12 tí kò ní ààbò. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kò ní fẹ́ rí irú rẹ̀. Ohun tó ń là wọ́n láàárín ni kí fíùsì tóbi ju ohun tí alternator lè pèsè lọ dáadáa, kí ó lè jẹ́ pé bátìrì nìkan, nínú ìjàǹbá, ló lè já a.

Àléébù èrò kẹrin kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Iye rẹ̀ ga, wáyà mm² 16 tó jẹ́ bàbà gidi kì í ṣe owó kékeré, ọjà sì kún fún èyí tí alumíníọ̀mù wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi bàbà bò. Ó tún rọrùn láti gbàgbé ojú ọ̀nà ìpadà. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Bí okùn bàbà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì bá ti bá ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lọ, áńpù 60 náà yóò wá ọ̀nà mìíràn padà, ó sì lè jẹ́ kébù tọ́rọ́tù ni. Ohun tó nípọn tó wáyà B ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Èrò karùn-ún: kí kọ̀ǹpútà máa ṣe é

Ní ẹ́ńjìnnì àwọn ọdún 1990 síwájú, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box, bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀ ṣáàjì. Lára ẹ́ńjìnnì LS ti GM, tó jáde ní 1997, kọ̀ǹpútà ló ń fi iná fóòtì 5 sórí L. Honda fi ẹ̀rọ kan sínú àpótí fíùsì tó ń wọn ẹrù iná. Kọ̀ǹpútà ń gbọ́ tirẹ̀, ó sì ń ní kí alternator sinmi nígbà tí ẹrù bá fúyẹ́, kí epo lè dín. Àwọn ọkọ̀ Yúróòpù tó tẹ̀ lé wọn lọ jìnnà jù, alternator wọn ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí wáyà kan ṣoṣo.

Ìyàpa wà láàárín àwọn tó ń gbé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ àtijọ́. Ìhà kan ní kí gbogbo rẹ̀ wọlé bó ṣe wà, kọ̀ǹpútà, wáyà àti ohun tó ń wọn ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ṣe é, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pẹ́. Ìhà kejì ní kí a já kọ̀ǹpútà kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí àpótí fíùsì Honda kò sí nínú ọkọ̀ 1965, kọ̀ǹpútà kò sì lè mọ ẹrù tí kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ ìhà kejì yìí rọrùn lára àwọn alternator kan: LS yóò gba gílóòbù tàbí resistor lórí L bí ẹni pé ọdún 1980 ni, alternator Honda tí wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò so mọ́ nǹkan sì ń dúró lórí ìwọ̀n gíga rẹ̀. Lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí wáyà kan, kò dájú bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìwọ̀n tí wọ́n máa ń padà sí bí wọn kò bá gbọ́ ohùn kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn àti ìgbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ láti ọwọ́ aṣe kan sí òmíràn.

Ọ̀nà kẹta wà tí mo rí pé ó mọ́gbọ́n dání ju ìjà náà lọ: kí a fi alternator aláìgbọràn yẹn sílẹ̀, kí a wá èyí tó ní IG, L àti S tí yóò jókòó sórí irin ìdè kan náà. Ní ọjà bíi Ládìpọ̀ ní Mushin, níbi tí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ lè dé ọwọ́ oníbàárà pẹ̀lú wáyà tí wọ́n ti fi pẹ́ńsà gé, èyí tún ní àǹfààní mìíràn. Alternator Denso ẹlẹ́nu mẹ́ta jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ rìwáyà lè tú, kí wọ́n pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù àti béárì rẹ̀, kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Èyí tó ń retí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú

Àwọn àríyànjiyàn kan ti parí. Kò sí ẹni tó mọṣẹ́ tó ṣì ń jiyàn pé áńpù 100 lè gba inú wáyà Lucas kọjá, tàbí pé LED nìkan lè jí alternator. Àwọn tó kù nìyí.

Ìwọ̀n fíùsì orí wáyà B kò ní ìlànà kan tí gbogbo ènìyàn gbà. Àwọn kan ń ṣírò rẹ̀ láti agbára alternator, àwọn kan láti ohun tí wáyà lè gbà kó tó yọ́, ìdáhùn méjèèjì kì í sábà bára mu nígbà tí ìrìn wáyà bá gùn.

Bátìrì lithium ti ń wọ inú ọkọ̀ àtijọ́ nítorí pé ó fúyẹ́. Ó lè fa gbogbo ohun tí alternator ní fún ìgbà pípẹ́ láìdín kù, a kò sì ṣe alternator láti máa gbé ẹrù kíkún nínú ooru bọ́nẹ́ẹ̀tì fún wákàtí kan. Bí ẹ̀rọ ààbò inú bátìrì náà bá já ara rẹ̀ kúrò lójijì, ìfòsókè iná tí a sọ lókè yìí yóò ṣẹlẹ̀ láìsí pé fíùsì kankan já. Èyí tó wà nínú àwọn èrò márùn-ún yìí tó bá a mu jù kò tíì hàn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé regulator òde, tí gbogbo ènìyàn ti sá fún, ni yóò padà wá, nítorí pé òun ló rọrùn láti yí ìwọ̀n rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ohun tí a lè pè ní ọkọ̀ àtijọ́ gan-an. Ẹni tó ti gbé ẹ́ńjìnnì àlejò wọlé ti ré ẹnu ọ̀nà kan kọjá. Bóyá kọ́táòtù òfìfo tó fi sílẹ̀ lára ògiri ṣì ń pa ìtàn ọkọ̀ náà mọ́, tàbí ó kàn ń ṣi ẹni tó máa tún un ṣe lọ́nà, àwọn tó ń pa ọkọ̀ mọ́ àti àwọn tó ń wà á lójoojúmọ́ kò tíì dáhùn rẹ̀ bákan náà. Ohun tí àwọn méjèèjì lè ṣe báyìí ni kí wọ́n ya àwòrán wáyà tuntun náà sórí ìwé, pẹ̀lú àwọ̀ àti ìwọ̀n wáyà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀.